Ọ̀rọ̀ kan, alẹ́ mẹ́ta: àgbéyẹ̀wò ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àṣálẹ́ kan ní Àkúrẹ́

Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn ènìyàn ka ìwé, láti máa bá wọn kọ ọ́, kí n sì máa túmọ̀ èyí tí ó bá wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, nínú ìsọ̀ kékeré kan tí mo gbà sí ẹ̀gbẹ́ títì Arákàlẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹni tí ó ń ka àgbéyẹ̀wò yìí má baà rò pé àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé mi dé ilé ẹ̀kọ́ àṣálẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gbé mi débẹ̀. Mo ṣì í túmọ̀, àṣìtumọ̀ náà sì mú kí ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ wà láìgbúròó ara wọn fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.

Ìyá àgbà kan ni ó gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní Manchester, tí kò sì mọ Yorùbá kọ, ni ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pé, “Grandma, Mummy is very upset.” Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Mo kà á, mo sì wí fún ìyá náà pé, “Màmá, ọmọ ọmọ yín ní inú ń bí ìyá òun gan-an.” Ìyá náà kò fọhùn. Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó wo fóònù náà bí ẹni pé ojú ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó wá bi mí pé ṣé nítorí owó òrùlé tí òun béèrè ni. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní òun kò ní pè é títí inú rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún ni ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Manchester fúnra rẹ̀ pe ìyá rẹ̀, tí ẹkún kò sì jẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ ni ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú kò bí i sí ẹnikẹ́ni. Ìbànújẹ́ ni ó wà, ohùn ìyá rẹ̀ ni ó sì ń retí láti ọjọ́ tí ọmọ kékeré yẹn ti kọ̀wé. Nígbà tí ìyá àgbà náà wá ròyìn fún mi, kò bá mi jà rárá, èyí gan-an ni ó sì dùn mí jù.

Ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí wà ní àdúgbò Òkè-Àró, ní yàrá kan lókè ilé alájà kan. Wọn kò kọ orúkọ kankan sára ògiri, ẹnu ni àwọn ènìyàn fi ń júwe rẹ̀ fún ara wọn, tíṣà fẹ̀yìntì kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá ni ó sì dá a sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni ó máa ń wáyé, láti aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ títí di aago méje ààbọ̀. Mo san ₦18,000 fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì ka ìwé tí wọ́n ń pín mọ́ ọn. A tó bí ogún. Nọ́ọ̀sì wà láàárín wa, oníṣòwò kòkó wà, awakọ̀ akérò kan wà, bàbá alágbẹ̀dẹ kan sì wà tí ó ń ti ìlú Oǹdó wá bí ó bá ti kó ọjà rẹ̀ wá sí Àkúrẹ́.

Ọ̀nà tí Màmá ń gbà kọ́ni ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí òun ni mo sanwó fún, òun ni mo sì rò pé ó tó owó náà, ó tún lé. Kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé gírámà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó ní kí olúkúlùkù mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wá tí ó ti dá wàhálà sí i lọ́rùn rí. Mo mú “upset” wá, mo sì sọ ìtàn ìyá àgbà náà. Màmá kò fi mí ṣẹ̀sín, bẹ́ẹ̀ ni kò sì rọ̀ mí lójú. Ó ní ọ̀rọ̀ náà yóò gbà wá ní alẹ́ mẹ́ta, alẹ́ mẹ́ta gan-an ni ó sì gbà.

Ní alẹ́ kìn-ín-ní, kò sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà rárá. Ó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́rin sókè pátákó, inú, ọkàn, àyà àti ara, ó fa ìlà sáàárín wọn, ó sì ní kí a máa sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà tí ara bá ń ni ènìyàn. Kí ó tó pẹ́, pátákó ti kún. Lábẹ́ inú, a rí inú mi bàjẹ́, inú bí mi, inú mi kò dùn sí i. Lábẹ́ ọkàn, a rí ọkàn mi dàrú, ọkàn mi kò balẹ̀, ọkàn mi pòrúùru, ọkàn mi gbọgbẹ́. Àyà mi já, àyà mi ń lù kì-kì-kì. Ara mi kò lélẹ̀, ara mi kò gbà á. Nọ́ọ̀sì náà fi “ó dùn mí” kún un, Màmá sì dúró lórí ìyẹn fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé kò ní ibùgbé kankan nínú àwọn ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ lára ènìyàn láìsọ ibi tí ó ti bà á. Ó wá yíjú sí wa, ó béèrè pé èwo nínú gbogbo ìwọ̀nyí ni “upset”.

Bí ó ti béèrè bẹ́ẹ̀ ni mo rí àṣìṣe mi. Gbogbo wọn lè jẹ́ ẹ, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ òun gan-an. Yorùbá kì í sábà jẹ́ kí o sọ pé nǹkan ṣe ọ́ láìsọ ibi tí ó ti ṣe ọ́ àti bí ó ṣe ṣe ọ́. Bí mo bá ní inú ń bí mi, ẹni tí ó gbọ́ ti mọ̀ pé ẹnìkan ni mo ń bínú sí. Bí mo bá ní inú mi bàjẹ́, ó mọ̀ pé kí òun wá tù mí nínú ni ó kù. Bí mo bá ní ọkàn mi kò balẹ̀, ó mọ̀ pé ohun kan wà níwájú tí mo ń bẹ̀rù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kò sọ ọ̀kankan nínú èyí. Ohun tí ó ń sọ kò ju pé ohun tí ó ti fìdí mú lẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò fìdí mú lẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń gbọ́ ni yóò fi ojú wo ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká kí ó tó mọ̀ bóyá ẹkún ni, tàbí ìbínú, tàbí ìpayà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá kò gbọdọ̀ tíì la ẹnu títí yóò fi béèrè pé kí ni ó ṣẹlẹ̀. Èmi ò béèrè. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni ọmọ náà kọ lẹ́yìn orúkọ ìyá rẹ̀ àgbà, mo sì fi ìbínú tí kò sí níbẹ̀ kún un.

Màmá ṣàlàyé ibi tí mo ti mú ìbínú náà wá pẹ̀lú. Lẹ́nu wa níhìn-ín, bí ènìyàn bá ní ọ̀gá òun “is upset”, kò sí ẹni tí yóò rò pé ọ̀gá náà ń sunkún ní ọ́fíìsì. Ìbínú ni a sábà máa ń fi í pè nílé, ìbínú tí a fẹ́ fi ọ̀wọ̀ bò lójú díẹ̀. Ìbínú máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, ìbànújẹ́ àti ìdààmú ọkàn ni ó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọmọ tí ó dàgbà ní Manchester, tí ó sì rí ìyá rẹ̀ tí ó ń sunkún nínú ilé ìdáná, kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó sún mọ́ ọn ju èyí lọ. Ó tún lè tóbi, ó sì lè kéré. Ọmọ tí wọ́n gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ rẹ̀ lè wà bẹ́ẹ̀, obìnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè wà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó wúlò jù fún iṣẹ́ mi ní alẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ kékeré tí ó máa ń tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé “She is upset with me”, ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà dojú kọ, mo sì lè túmọ̀ rẹ̀ pé inú rẹ̀ kò dùn sí mi, tàbí kí n sọ ọ́ kíkan pé inú ń bí i sí mi. Bí ó bá jẹ́ “upset about the job”, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà ni ó ń bà á nínú jẹ́. Bí ó bá jẹ́ “upset by the news”, ìròyìn náà ni ó da ọkàn rẹ̀ rú. Bí kò bá sí ìkankan níbẹ̀, bí ó ti rí nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, ọwọ́ òfo ni a fi sílẹ̀ fún wa, a sì ní láti béèrè. Oníṣòwò kòkó náà sọ pé àwọn tí wọ́n ń ra ọjà lọ́wọ́ òun lókè òkun ti kọ ọ́ sí òun rí pé wọ́n “are upset about the delay”, òun sì rò pé ìjà ti dé, òun kò fèsì fún ọ̀sẹ̀ kan. Màmá ní kí ó tún un kà. Ìdádúró náà ni wọ́n dárúkọ, wọn kò dárúkọ rẹ̀.

Alẹ́ kejì dá lórí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, mo sì gbọ́dọ̀ sọ pé n kò lọ síbẹ̀ nítorí ìtàn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n alẹ́ yìí ni ó wà lọ́kàn mi jù. Ní ìgbà àtijọ́, ní bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ní ni láti gbé nǹkan ró, láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Òdìkejì ohun tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí ni. Ọ̀rọ̀ mìíràn, “overset”, ni wọ́n ń lò nígbà náà fún ọkọ̀ tí ó dojú dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, “upset” gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀: ọkọ̀ ojú omi dojú dé, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ṣubú, láàárín ọdún díẹ̀ sí i ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ọkàn ènìyàn. Ti ikùn tí ń yọni lẹ́nu dé lẹ́yìn náà, ní àwọn ọdún 1830. Bí Màmá ti ń sọ ọ́, mo ń kọ “dojú dé” sílẹ̀ léraléra sínú ìwé mi, nítorí pé òun ni mo rò pé ó sún mọ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà jù nínú èdè wa. Abọ́ lè dojú dé, ọkọ̀ lè dojú dé, ètò ìgbéyàwó lè dojú rú ní ọjọ́ tí ó ku ọ̀la.

Ìtumọ̀ àtijọ́ yẹn kò tíì kú tán. Ní ilẹ̀ Scotland, bí wọ́n bá fẹ́ lu ilé tàbí ilẹ̀ ní gbàǹjo, “upset price” ni wọ́n ń pe iye tí wọn kò ní gbà kí ó wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye tí a gbé kalẹ̀ tí àwọn tí ń ná an yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá túmọ̀ ìyẹn sí iye tí ó ń bani nínú jẹ́ ti ba ìwé jẹ́ pátápátá, irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì lè dé orí tábílì mi lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn èyí ni Màmá sọ pé àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní “upset” tiwọn, ó sì ń wá bí yóò ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tí bàbá alágbẹ̀dẹ láti Oǹdó dìde. Iná ti lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ kò sì tíì ṣiṣẹ́, nítorí náà àbẹ́là wà lórí tábílì. Bàbá mú kùkùté àbẹ́là kan tí wọ́n ti pa, tí ó ṣì gbóná, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rọ̀ ọ́ díẹ̀, ó gbé e nàró lórí tábílì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí ife irin lu orí rẹ̀, jẹ́jẹ́, kò yára rárá. Àbẹ́là náà kò tẹ̀, kò sì ṣẹ́. Ìdí rẹ̀ ń wú síta díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dàbí ẹsẹ̀ ìlù. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ṣe máa ń ṣe irin tí ẹnu rẹ̀ bá ti jẹ tín-ín-rín: àwọn yóò fi í sínú iná títí yóò fi pọ́n, àwọn yóò gbé e nàró lórí owú, àwọn yóò sì máa fi ọmọ owú lù ú láti òkè, kí ó lè kúrú kí ó sì nípọn. “Ó pàdánù gígùn rẹ̀,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n ó rí ara.” Màmá ní, “Bàbá, ohun tí wọ́n ń pè ní upset gan-an nìyẹn.” Bàbá béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá òótọ́ ni. Ogójì ọdún ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láìmọ̀ pé òyìnbó ní orúkọ fún un, mo sì rí i pé ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá.

Ibi kan wà nínú ìwé tí wọ́n pín fún wa ní alẹ́ yẹn tí mo ní láti takò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara ẹṣin kan ni ìlò ọ̀rọ̀ náà nínú eré ìdárayá ti wá, ìyẹn nígbà tí ẹgbẹ́ kékeré bá na ẹgbẹ́ ńlá. Ẹṣin náà wà lóòótọ́. Upset ni orúkọ rẹ̀, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ ọdún 1919, ní pápá Saratoga ní Amẹ́ríkà, ó ṣáájú Man o' War, ẹṣin tí ó sáré ní ìgbà mọ́kànlélógún láyé rẹ̀ tí kò sì pàdánù jù ẹ̀ẹ̀kan yẹn lọ. Ìtàn dídùn ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ti ń lo ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ fún eré ẹṣin láti ọdún 1877, ìyẹn ọdún méjìlélógójì kí ẹṣin yẹn tó sáré. Ọ̀rọ̀ náà ti wà kí ẹṣin tó jẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Màmá lẹ́yìn kíláàsì, ó dúpẹ́, ó sì fi bírò fa ìlà sí i lára ìwé tirẹ̀, síbẹ̀ ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé tí wọn yóò pín fún àwọn tí ń bọ̀.

Àpẹẹrẹ tí òun fúnra rẹ̀ mú wá lórí eré ìdárayá dára ju ti ẹṣin lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa. Ní ìdíje Òlíńpíìkì Atlanta ní ọdún 1996, Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Brazil ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá, wọ́n sì borí pẹ̀lú góòlù mẹ́rin sí mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni wọ́n na Argentina ní mẹ́ta sí méjì, tí wọ́n sì gba wúrà. Awakọ̀ akérò náà ṣàpèjúwe góòlù Kanu tí ó parí ìdíje pẹ̀lú Brazil bí ẹni pé àná ni. Màmá jẹ́ kí ó parí, ó wá ní kí a kíyè sí i pé nínú gbólóhùn náà “Nigeria upset Brazil”, kò sí ẹni tí a bi nínú. Ohun tí gbogbo ayé ti gbé kalẹ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀ ni ó dojú dé.

Alẹ́ kẹta jẹ́ ti ohùn àti ti ara ọ̀rọ̀ náà. Yorùbá ni ó fi kọ́ wa ní ohùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, bí ìgbà tí a bá pe ìdíje bọ́ọ̀lù yẹn ní “an upset”, iwájú ni a ti máa ń tẹ ohùn mọ́ ọn, ó sì máa ń dún létí wa bí mí-dò. Nígbà tí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, tàbí tí ó bá ń sọ bí ènìyàn ṣe wà, ẹ̀yìn ni a ti ń tẹ̀ ẹ́, yóò dún bí dò-mí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣáájú ikùn nínú “an upset stomach”, ohùn yóò tún padà sí iwájú. Èdè tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ wà nínú rẹ̀ kò yẹ kí ó ní ìṣòro pẹ̀lú èyí, a kò sì ní i nígbà tí ó ti fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́. Ní ti ara ọ̀rọ̀ náà, kì í yí padà, ìbáà ṣe lónìí tàbí lánàá, gẹ́gẹ́ bí pa àti gé kì í ṣe yí padà ní ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá kọ “upsetted” ti ṣi í kọ. Èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ọ̀rọ̀ ikùn ni ó gba ìyókù alẹ́ náà, nọ́ọ̀sì ni ó sì fà á. Ó ní àwọn aláìsàn máa ń wá sọ pé àwọn ní “stomach upset”, àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ a sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìbéèrè nǹkan mìíràn. Ó ka ohun tí òun ti rí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan yìí fún wa: inú rírun, inú wíwú, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, oúnjẹ tí kò dà. Oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ó wá ṣàfikún pé nígbà tí aláìsàn bá jẹ́ àgbàlagbà, òun a yí padà sí Yorùbá kíákíá, òun a ní, “Mà, ṣé ó ń lọ yín ni àbí ó ń run yín?” ìdáhùn a sì jáde lójú ẹsẹ̀. Ó dùn mọ́ mi gan-an láti gbọ́ èyí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè tí ó ń sọ nǹkan ní pàtó, tí tiwa sì ń sọ ọ́ ní gbogbogbòò. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, òdìkejì rẹ̀ ni mo rí.

Mo ní ẹ̀sùn díẹ̀. Èyí tí ó wúwo jù nínú wọn ni pé ìwé tí wọ́n ń pín kò ní àmì ohùn lórí Yorùbá tí ó wà nínú rẹ̀. Ó ṣòro fún mi láti gbà á pé níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa pé kí a má ṣi ọ̀rọ̀ mú, wọ́n kọ “okan mi daru” láìní àmì kankan, tí ẹni tí kò sí ní kíláàsì yóò fi máa rò ó bóyá ọkàn ni tàbí ọ̀kan. Màmá a máa kọ àmì sí pátákó dáadáa, nítorí náà, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń tẹ ìwé náà fún un ni ìṣòro wà, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣe rẹ̀ tún ṣá, ojú ìwé kẹrin tèmi kò ṣeé kà. Wọ́n gba iṣẹ́ àṣetiléwá tí a ṣe lórí àwọn ọ̀rọ̀ kékeré yẹn lọ́wọ́ wa, wọn kò sì dá a padà títí a fi parí. Aago méje ààbọ̀ kì í sì í ṣe aago méje ààbọ̀ níbẹ̀, ó máa ń kọjá aago mẹ́jọ, ẹni tí ó bá sì ń lọ sí Ọ̀bà-Ilé tàbí ibi tí ó jìnnà mìíràn yóò dúró pẹ́ kí ó tó rí ọ̀kadà tí owó rẹ̀ yóò bá a lára mu.

Kì í ṣe ibi tí ènìyàn yóò mú ọmọ tí ó ń múra ìdánwò wá, wọn kì í tẹ̀ lé ìwé ìdánwò, wọ́n sì máa ń rọra lọ. Mo tún dán ìtúmọ̀ orí fóònù wò nítorí àfiwé: mo kọ gbólóhùn ọmọ yẹn sínú rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ó ti rí, ó sì fún mi ní ìbínú gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti ṣe. Ó yára, kò gba owó lọ́wọ́ mi, kò sì béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀, ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn, ẹni tí ó ń bá òkè òkun ṣòwò, àti ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń kọ̀wé sí i láti ìlú òyìnbó, àwọn wọ̀nyí ni mo rò pé ₦18,000 náà yóò ṣe láǹfààní.

Ní oṣù tí ó kọjá, ìyá àgbà yẹn tún gbé fóònù rẹ̀ wá. Ọmọ náà ni ó tún kọ̀wé, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti ara rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí: ó ní òun wà “upset”. N kò túmọ̀ rẹ̀. Mo ní kí Màmá àgbà jókòó, a kọ ìbéèrè kan péré padà sí ọmọ náà, a sì jọ ń retí èsì nígbà tí mo bá wọn ra omi tútù. Èsì dé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwé ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Mo wí fún ìyá náà pé, “Ẹ̀dùn ni, mà. Àárò ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ ọ́, inú rẹ̀ sì bàjẹ́.” Níbẹ̀ náà ni ó ti pè é.

Ìpele tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀, wọ́n sì ń gba owó náà ní ìdá méjì bí ènìyàn bá sọ ọ́ ṣáájú. Kí ẹni tí ó bá ń lọ mú ìwé tí ó nípọn dání, kí ó tètè dé, kí ó sì wá ìjókòó sí ọwọ́ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ó kọjú sí títì, nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀.